Ọ̀dà Tuntun Lára Arìnnàjò

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, torí mi ò mọ ìgbà tí ìwé yìí máa tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ṣé ara le? Ṣé etí ọ̀tún ṣì ń hó? Nígbà tí mo pè yín kẹ́yìn, "Ta nìyẹn?" lẹ ń wí títí fóònù fi já. Mo wá ní kí n padà sórí bébà àti bírò. Bébà kì í kùn létí èèyàn.

Ara tèmi le. Mo ṣì wà ní ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn. Tí ẹ̀rọ bá ti gbóná, ooru omi á bo gbogbo yàrá, a ò ní rí ara wa mọ́, ohùn nìkan là ń gbọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣiṣẹ́ nínú ìkùukùu. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun á máa gba ojú wa kọjá lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń gbàgbé pé ilẹ̀ ni mo dúró lé.

Ìròyìn kan wà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ní Sátidé, èmi àti àwọn kan máa ń pàdé ní yàrá òkè ilé ìkàwé: obìnrin awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó kọ́kọ́ mú mi débẹ̀, dókítà eléyín kan, àti tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Kálukú ló ní èyí tó ń kọ́. Arìnnàjò ni tèmi, Bàbá! Ọkọ̀ inú eré tẹlifíṣọ̀n tí à ń wò nígbà tí mo ṣì ń jókòó lé ẹsẹ̀ yín. Ẹ rántí àwọn èrò inú rẹ̀ tí wọ́n ṣìnà láàárín ìràwọ̀, tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ìràwọ̀ tuntun ni wọ́n ń kàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Màmá á máa bú wọn láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ pé, "Àwọn aláìmọ̀nà yìí ò tíì délé síbẹ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dà kọ̀, kò lẹ̀ mọ́ ọn lára. Kí lẹ máa ń ṣe sí bọ́ńpà mọ́tò kí ẹ tó kùn ún?

Èmi ọmọ yín,
Awòkè


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Ọmọ mi Awòkè,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ara ò le títí, ṣùgbọ́n ó gbé mi dìde. Etí ń hó. Ariwo àwọn alágbẹ̀dẹ mọ́tò tí mo bá ṣiṣẹ́ nínú ọgbà kan náà ni, wọ́n ti kógbá lọ, wọ́n fi òòlù wọn sílẹ̀ sí mi létí.

Nígbà tí mo kàwé dé ibi ọkọ̀ òfuurufú, mo dìde dúró. Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ìta. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni mo forí lé, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń hu ìyẹ́. Mo ní, "Ọmọ tí ẹ sọ ní Awòkè, torí pé ó ń wo ojú ọ̀run títí tó fi ń kọsẹ̀, ó ti ń kọ́ ọkọ̀ tí wọn yóò gbé lọ síbẹ̀." Ó ní, "Obìnrin kẹ̀?" Mo ní, "Ìyá tó bí ọ, ọkùnrin ni?" Àwọn tó jókòó tí wọ́n ń retí kí ó kàn wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní ti ọ̀dà: fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí òróró kúrò lára rẹ̀, kí o wá fi sánpépà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pa á títí dídán rẹ̀ yóò fi kú. Ọ̀dà kì í di ohun tó bá ń dán mú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn: ọkọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀, àkàbà wo lẹ gbé tì í? Èèyàn mélòó ni yóò gbà? Tí ọjọ́ tó máa gbéra bá pé, má gùn ún láìjẹ́ pé o sọ fún mi.

Baba rẹ


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Èmi ni mi ò ṣàlàyé dáadáa. Arìnnàjò tí mò ń kọ́ kò gùn ju láti ìgúnpá mi dé orí ìka lọ. Ike ni. Inú páálí ni ẹ̀yà rẹ̀ máa ń wà, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, èèyàn á máa fi àtè lẹ̀ wọ́n pọ̀. Tèmi tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, torí páálí Arìnnàjò ò sí lọ́jà mọ́. Ọkọ̀ mìíràn ni mo rà, mo gé imú rẹ̀, mo fi ìdérí bírò ṣe ihò tí iná ń gbà jáde, mo fi ìdajì páálí ọṣẹ olómi ṣe ikùn rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn eré bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é, fún ìfẹ́ lásán. Kò ní gbé ẹnikẹ́ni.

Mo fi fọ́tò kan sínú ìwé yìí. Mo fi òwú so ọkọ̀ náà kọ́ ojú fèrèsé mi. Tí ilẹ̀ bá ń mọ́, tí kùrukùru bá bo àwọn òrùlé ilé níta, á dà bí ẹni pé ó ń lọ lóòótọ́.

Ẹ má bínú nípa ti onígbàjámọ̀.

Awòkè


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Awòkè,

Mo rí fọ́tò. Mo fi dígí wò ó, mo bọ́ dígí, mo tún un wò. Ọkọ̀ tí mo ti ròyìn ká gbogbo àdúgbò, ológbò lè gbé e sẹ́nu sá lọ.

Onígbàjámọ̀ ní kí n fi han òun. Ó rẹ́rìn-ín títí, orí oníbàárà tó ń fá di méjì, apá kan ní irun, apá kan ò ní. Ìyẹn ò dùn mí. Èyí tó dùn mí nìyí. Nígbà tí ìyá rẹ kú lọ́dún tó kọjá, o ní wọn ò tíì dá ìwé ìgbélùú rẹ padà, pé bí o bá jáde o ò ní lè wọlé mọ́. Mo gbà. Èmi nìkan ni mo dúró létí ibojì, àwọn èèyàn ń bi mí pé ọmọ ńkọ́, mo ń dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ ló gbà á lọ́wọ́. Iṣẹ́ wo? Ike! Obìnrin ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń gbọ́mọ pọ̀n, ìwọ ń so ọmọláńgidi mọ́ fèrèsé.

Kó o dànù. Wá nǹkan gidi fi ọwọ́ ṣe.

Mi ò bínú o.

Baba rẹ


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó pẹ́. Mo kọ èsì, mo fà á ya, mo tún kọ òmíràn, mo tún fà á ya.

Ẹ ní ẹ ò bínú. Bírò yín lu bébà já níbi "kó o dànù".

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Lẹ́yìn tí Màmá lọ, ọwọ́ mi ò mọ ohun tó máa ṣe mọ́. Níbi iṣẹ́ ó sàn, aṣọ wà láti ká. Tí mo bá délé, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti kóòtù, màá máa wo ọwọ́ mi bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kan mo wọ bọ́ọ̀sì, mi ò sọ̀. Bọ́ọ̀sì yí ìlú po, àwọn èrò sọ̀, àwọn mìíràn wọlé, ó tún yí ìlú po, èmi ń wo ilé tó ń kọjá bí ohun inú àlá. Ní ibùdókọ̀ ìkẹyìn awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó wá jókòó tì mí. Ó ní, "Arábìnrin, ibo là ń lọ?" Mo ní mi ò mọ̀. Kò bú mi. Ó ní, "Ó dáa. Mo mọ ibì kan tí wọ́n ti ń kọ́ ọkọ̀ fún irú wa." Bí mo ṣe dé yàrá òkè ilé ìkàwé nìyẹn.

Ìgbà tí mo bá ń fi sánpépà pa ike nìkan ni mo máa ń gbọ́ ilé. Màá gbọ́ tẹlifíṣọ̀n wa tó máa ń kùn, màá gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, màá gbọ́ ikọ́ yín. Ẹ ní kí n wá nǹkan gidi. Bàbá, òun nìyẹn.

Mi ò kó o dànù. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó kù kí n mú un gbó. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó máa dán. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀dà tuntun di ògbólógbòó, ó sì wù mí kó jẹ́ ẹ̀yin ni màá bi.

Awòkè


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo ka ti bọ́ọ̀sì yẹn, mo pa ìwé dé, mo lọ jókòó lẹ́yìnkùlé títí oòrùn fi yẹ̀ lórí ògiri. Bá mi kí obìnrin awakọ̀ náà. Ní baba rẹ ní kí ọ̀nà máa là fún un.

Ní ti ìbéèrè rẹ, ayé mà ń yí o! Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sọ arúgbó di ọ̀dọ́. Mọ́tò tó bá igi jà, mọ́tò tí adìyẹ ti yé sínú rẹ̀, mo ti kùn ún tí ẹni tó ni ín fi ń wá a kiri nínú ọgbà mi. Èmi lo wá ń bi pé báwo la ṣe ń mú tuntun gbó? Mo ní mi ò ní dá ọ lóhùn. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Ó dáa, gbọ́. Mọ́tò kì í gbó káàkiri bákan náà. Ibi tí ọwọ́ èèyàn ti ń kàn án ló ń kọ́kọ́ ṣí: etí ilẹ̀kùn, ìdí ohun tí a fi ń ṣí i. Oòrùn á jẹ àwọ̀ orí òrùlé, abẹ́ á ṣì pọ́n. Níbi tí ìṣó bá wà, ìpẹtà á ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ ń gbà bọ́ sílẹ̀ á gbó ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Nítorí náà, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé ta ló ń gbé inú rẹ̀, ibo ló sì máa ń fọwọ́ tì. Ti kànrìnkàn gbígbẹ bọ ọ̀dà, nù ún sára àkísà títí ọ̀dà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀, kí o tó máa fi kàn án díẹ̀díẹ̀. Má ṣe é jù. Ogbó tí a bá ṣe jù, ìdọ̀tí lásán ni.

Onígbàjámọ̀ ń béèrè rẹ. Mo ní kó gbájú mọ́ irun tó ń fá.

Baba rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, torí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.

A pàtẹ àwọn ọkọ̀ wa fún àwọn ará ìlú. A fi òwú tín-ín-rín so gbogbo wọn kọ́ òkè àjà, a pa iná ńlá, a tan kéékèèké. Àwọn èèyàn ń rìn lábẹ́ wọn, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sókè, bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ ń sùn nínú ilé. Ẹnì kan ṣí fèrèsé. Afẹ́fẹ́ wọlé, gbogbo ọkọ̀ náà sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé wọ́n gbọ́ orúkọ wọn.

Mo ti ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo mú etí ilẹ̀kùn gbó, mo mú ẹ̀gbẹ́ òsì gbó ju ọ̀tún lọ. Bàbá àgbà kan dúró lábẹ́ Arìnnàjò pẹ́. Àwọn yòókù ń béèrè bí mo ṣe ṣe é. Òun ní, "Ibo lèyí ti lọ?"

Mo ti fi í ránṣẹ́ sí yín. Mo fi òwú rírọ̀ àti àkísà wé e nínú páálí. Ẹ gbé e sí ibi tí ẹ ó ti máa rí i.

Awòkè


Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi àtàtà,

Ó dé o! Ṣùgbọ́n ó dé bí ẹni tó já láti orí igi. Apá kan ti kán, imú ti wọ ikùn, ìdérí bírò kan ń sáré kiri nínú páálí. Mi ò fẹ́ kọ̀wé kí n tó tún un ṣe, ìdí tí o fi rí i pé mo pẹ́ nìyẹn.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, mi ò débẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ò yí, mo fi epo sí i, ilẹ̀kùn ké bí ọmọ tuntun. Mo to apá, mo dí ojú kíkán, mo fi sánpépà pa gbogbo ara rẹ̀ láti imú dé ìrù, mo fín ọ̀dà funfun sí i, mo wá fi ọ̀dà dídán bò ó. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó yá yàrá iwájú ló ya fọ́tò yìí fún mi. Wò ó! Bí ẹyin! Fi ojú kan án, wàá rí ara rẹ nínú rẹ̀. Mi ò tíì kun ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí, ọwọ́ mi ò sì gbọ̀n.

Baba rẹ, ọ̀gá pẹ́ńtà


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá

Bàbá,

Mo rí fọ́tò. Ẹ ṣeun fún apá tí ẹ tò.

Etí ilẹ̀kùn, ojú ìpẹtà, ibi tí oòrùn jẹ, gbogbo rẹ̀ lẹ fi sánpépà pa rẹ́. Ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi.

Mi ò mọ ohun tí mo tún lè kọ.

Awòkè


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejìlá

Awòkè,

Mo rò pé mo ṣe ọ́ lóore ni. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mi ò mọ òmíràn. Fèsì.

Baba rẹ


Ọjọ́ ogún, oṣù kìíní

Ọmọ mi,

O ò fèsì. Ọdún ti yí, àwọn ọmọ ẹlòmíràn ti kí baba wọn. Mo kí ara mi.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, kí o lè bínú sí ohun tí mo ṣe gan-an. Má rò pé mi ò rí iṣẹ́ rẹ. Nígbà tí mo ṣí páálí, mo gbé e lé itan, mo rí gbogbo rẹ̀. Mo rí àmì ọwọ́ létí ilẹ̀kùn. Mo ní, háà, ẹni yìí mà ti rìn o. Mo tún wò yíká, mo rí i pé inú yàrá mi ló wà. Ó ti délé. Ẹni tó bá sì ti ọ̀nà jíjìn dé, ṣé a máa ń fi eruku ọ̀nà sílẹ̀ lára rẹ̀ ká lè máa wò ó ni? Omi ìwẹ̀ la ń gbé fún un. Ọ̀dà ni omi tí mo ní.

Nǹkan kan wà tí o ò sọ fún mi. Lábẹ́ ìrù rẹ̀, mo rí irin kékeré tí ìyá rẹ máa ń ká òwú sí nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé o mú ọ̀kan lọ. Mo dá iṣẹ́ dúró. Mo fi bébà wé e yíká kí ọ̀dà má bàa kàn án. Bó ṣe wà lọ́wọ́ ìyá rẹ náà ló ṣe wà. Tún fọ́tò náà wò.

Mo so ó kọ́ òkè bẹ́ẹ̀dì mi. Lọ́sàn-án, tí mo bá dùbúlẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa yí i, funfun rẹ̀ á máa rìn lára ògiri. Mo sùn lọ lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo rí ìyá rẹ lójú fèrèsé ọkọ̀ náà, ó ń ránṣọ, aṣọ náà gùn, ó ń tú jáde nínú ọkọ̀ bí èéfín. Mo gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ketekete, etí mi ò hó rárá. Mi ò pè é. Mo kàn ń gbọ́ ọ. Nígbà tí mo jí, ariwo padà dé, mo sì jókòó.

Bá mi sọ̀rọ̀.

Baba rẹ


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ẹ kú sùúrù pẹ̀lú mi.

Mo yá awò tí dókítà eléyín fi ń wo ihò eyín, mo fi wo fọ́tò náà. Mo rí i. Dúdú kékeré lábẹ́ gbogbo funfun yẹn.

Mo mú ìwé yín lọ ní Sátidé, mo kà á fún wọn. Tíṣà àgbà ń nu dígí rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, obìnrin awakọ̀ ní, "Wọ́n gé eré yẹn kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n kí àwọn èrò inú rẹ̀ tó délé. Àti ọmọdé ni mo ti ń bínú sí i. Bàbá rẹ ló bá wa parí ẹ."

Ohun mìíràn. Ìwé ìgbélùú mi ti jáde láti ìparí ọdún. Mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí torí mò ń bá yín bínú, àti torí pé ẹ̀rù ń bà mí: níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá tíì dé, Màmá ṣì lè wà ní ìdí ẹ̀rọ. Mo ti gbààyè níbi iṣẹ́. Ní ìparí oṣù kẹta màá wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ má sọ fún onígbàjámọ̀.

Awòkè


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi Awòkè,

Ṣé o gúnlẹ̀ láyọ̀? Ilé dákẹ́ láti ìgbà tí o lọ. Aṣọ ìnura rẹ ṣì wà lórí okùn, mi ò tíì ká a.

Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dè ọ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dùn létí. Nígbà tí mo rí ọ lẹ́nu géètì tìwọ ti àpótí, "O ti rù" nìkan ló jáde lẹ́nu mi. O ní, "Ẹ̀yin náà, Bàbá." A wá dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí ń retí bọ́ọ̀sì. Mo ti ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín ní èmi nìkan.

Lọ́jọ́ tí a lọ sí ibojì, o rò pé mi ò gbọ́ ohun tí ò ń sọ fún ìyá rẹ. Mo gbọ́. O ń sọ fún un nípa ibi ìfọṣọ, bí aṣọ funfun ṣe ń gba inú ooru kọjá. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń bá ewéko ṣeré.

Mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Mò ń kọ́ ọkọ̀ kan. Kò sí nínú eré kankan, orí mi ló ti jáde. Agolo mílíìkì ni ikùn rẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbé ike pọ́dà rẹ̀ tó ti tán wá, ó ní ṣé kò lè ṣe orí. Mo ní kó gbé e sílẹ̀ ká wò ó. Kò tíì lọ sílé láti ìgbà náà. Ó ní ojú fèrèsé ò dọ́gba, ó sì jẹ́ òótọ́.

Mi ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Mi ò sì mọ ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n mo ti fi àga méjì síwájú rẹ̀, wọn ò ju èékánná lọ. Mo ti kun tèmi ní àwọ̀ ewé. Tìrẹ wà níbẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti pa dídán ara rẹ̀, ó ń retí ọ̀dà.

Àwọ̀ wo lo fẹ́?

Baba rẹ